Kí Ni Ó Ń Jẹ Bátìrì Mọ́tò Oníná?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwa méjì tí a ń kọ ìwé yìí wọ mọ́tò ọ̀rẹ́ wa kan láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Mọ́tò oníná ni mọ́tò náà. Kò mu epo bẹntiróòlù rárá. Iná mànàmáná ni wọ́n ń fi sí i, bí ènìyàn ti ń fi iná sí fóònù. Nígbà tí a kúrò ní Bẹ́gà, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ. Kí a tó dé Ìbàfò, a bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọkọ̀ ò lọ, ọkọ̀ ò bọ̀. A rí i tí awakọ̀ wa na ọwọ́ síwájú, ó sì pa iná mọ́tò rẹ̀, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ó pa rédíò. Ó yọ fóònù rẹ̀ kúrò lára wáyà. Ṣùgbọ́n kò pa ẹ́síì, nítorí pé ooru mú gan-an lálẹ́ ọjọ́ náà.

A bi í pé, "Àbúrò, kí ló dé tí o fi paná?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bátìrì ni mò ń ṣọ́. Bí iná bá ń jẹ ẹ́ báyìí, a ò ní dé Ìbàdàn o."

Kò tíì sọ̀rọ̀ yìí tán tí tírélà kan fi dé lẹ́yìn wa. Awakọ̀ tírélà náà kò rí wa nínú òkùnkùn. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí ó gorí wa ni ó tó tẹ bíréèkì. Bíréèkì náà han gooro. A gbọ́ tí ọkùnrin náà ń pariwo láti òkè pé, "Ẹ ò ní iná ni? Àbí ẹ fẹ́ kú ni?" Ọ̀rẹ́ wa tan iná rẹ̀ padà kíá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọwọ́ tiwa náà sì ń gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni ó mú wa kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ọ̀rẹ́ wa kì í ṣe òmùgọ̀. Òótọ́ ni ó sọ pé iná iwájú mọ́tò ń jẹ nínú bátìrì. Rédíò ń jẹ, fóònù ń jẹ. Ohun tí kò mọ̀ ni bí ohun kọ̀ọ̀kan ti ń jẹ tó. Ó pa ohun tí ń jẹ ẹyọ ìrẹsì kan, ó sì fi ohun tí ń jẹ odindi àwo sílẹ̀.

Mọ́tò oníná kì í ṣe ohun àjèjì pátápátá mọ́ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti fi Hyundai Kona, mọ́tò oníná kan, han ará ìlú ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì oníná bẹ̀rẹ̀ sí í rin títì Èkó. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ bí nǹkan wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé àwa ni a ni ín, tàbí pé a kàn wọ̀ ọ́ bí èrò.

BÁTÌRÌ MÉJÌ NI Ó WÀ NÍBẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo mọ́tò elépo tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu epo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, ó ń yí dáínámò kan pẹ̀lú. Dáínámò yìí ni ó ń fún iná iwájú, rédíò àti fèrè ní agbára, òun náà ni ó sì ń fi iná sí bátìrì. Àwọn awakọ̀ a máa rò pé ọ̀fẹ́ ni iná mọ́tò elépo. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Epo ni ó ń sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo tí ẹ́ńjìnnì ń fi ṣòfò nínú ooru àti èéfín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi kíyè sí ìwọ̀nba díẹ̀ tí iná mú nínú rẹ̀.

Mọ́tò oníná kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ní dáínámò bẹ́ẹ̀. Bátìrì méjì ni ó ní. Èkíní tóbi, ó wúwo, abẹ́ ilẹ̀ mọ́tò ni ó sábà máa ń wà. Òun ni ó ń yí táyà. Agbára iná rẹ̀ le púpọ̀: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ó tó 350 tàbí 400 fólítì. Èkejì kéré. Ó dà bí bátìrì tí a mọ̀ nínú mọ́tò elépo, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 12 fólítì péré. Bátìrì kékeré yìí ni iná iwájú, iná ẹ̀yìn, rédíò, wáípà, fèrè, ẹ̀rọ tí ń gbé gíláàsì wíńdò sókè, àti ihò tí a ń ki wáyà fóònù bọ̀ ń lò.

Ta ni ó wá ń bọ́ bátìrì kékeré? Bátìrì ńlá ni. Àpótí kan wà láàárín wọn tí ó ń gba iná líle láti ọ̀dọ̀ ńlá, tí ó ń rọ̀ ọ́ títí yóò fi dé ìwọ̀n tí kékeré lè gbà. Ẹ fi ojú inú wo àmù omi tí ó wà lẹ́yìn ilé, àti kèrègbè kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú yàrá. Inú kèrègbè ni ẹ ti ń bu omi mu. Ṣùgbọ́n nígbàkúgbà tí kèrègbè bá ń gbẹ, ọmọdé kan a lọ bù láti inú àmù wá kún un. Ẹni tí ó mu nínú kèrègbè, inú àmù náà ni ó mu. Bí ọmọ náà bá sì ti ń bọ̀, omi díẹ̀ a ta sílẹ̀ lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí yìí: nínú ohun mẹ́wàá tí ó bá gbé, bí ọ̀kan a máa ṣòfò di ooru.

Nítorí náà, òótọ́ ni pé rédíò ń mú nínú ohun tí ì bá gbé wa dé Ìbàdàn. Ó kù kí a wọ̀n ọ́n.

ÌWỌ̀N RẸ̀

Ẹni tí ó bá ní mítà onísanwó-tẹ́lẹ̀ nílé mọ ohun tí à ń pè ní yúnìtì. A ra yúnìtì, a tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú mítà, yúnìtì sì ń dín bí a ti ń lo iná. Yúnìtì kan ni ohun tí áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 yóò jẹ bí a bá fi lọ aṣọ fún wákàtí kan gbáko. Gílóòbù oníwáàtì 100 yóò jó fún wákàtí 10 kí ó tó jẹ yúnìtì kan. Yúnìtì yìí kan náà ni a fi ń wọn bátìrì mọ́tò. Kò sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a mú mọ́tò kan tí a mọ̀ dáadáa ṣe àpẹẹrẹ. Nissan Leaf ni orúkọ rẹ̀. Ìparí ọdún 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Jàpáánì àti Amẹ́ríkà. Bátìrì ti àkọ́kọ́ gba yúnìtì 24, ìjọba Amẹ́ríkà sì wọ̀n ọ́n pé máìlì 73 ni yóò rìn kí bátìrì tó tán, èyí jẹ́ kìlómítà 117. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún 2018 gba yúnìtì 40, ìrìn rẹ̀ sì tó máìlì 151, tí í ṣe kìlómítà 243. Bí ẹ bá pín 243 sí ọ̀nà 40, ẹ ó rí i pé yúnìtì kan ń gbé mọ́tò náà rin bí kìlómítà 6. Ẹ fi 6 yìí sọ́kàn. A ó máa padà sí i.

(Mọ́tò àlòkù kì í gbà tó ti tuntun mọ́. Bátìrì ń gbó, bí ènìyàn ti ń gbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tókúnbọ̀, kí ó ní kí wọ́n fi hàn án bí bátìrì náà ti lágbára tó kí ó tó san owó.)

Ó wá kan àwọn ohun kéékèèké. Gílóòbù iwájú mọ́tò ti àtijọ́ ń jẹ wáàtì 55 lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì ni wọ́n, ó di 110. Bí a bá fi iná ẹ̀yìn àti ti ojú mọ́tò kún un, ká ní ó jẹ́ 150. Iná ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní LED kò jẹ tó ìdajì èyí. Rédíò tí a kò yí sókè jù lè jẹ 30. Fóònù kan lórí wáyà, bí 15. Wáípà nígbà òjò, bí 60. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò ju bí wáàtì 250 lọ. Ó wá jẹ́ pé àwọn ohun wọ̀nyí lápapọ̀, bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nínú òjò, nínú òkùnkùn, tí rédíò sì ń sọ̀rọ̀, wọn yóò lo wákàtí 4 kí wọ́n tó jẹ yúnìtì kan. Yúnìtì kan yẹn ni kìlómítà 6.

Ẹ gbọ́ ná. Ní wákàtí mẹ́rin, kìlómítà 6 péré ni wọ́n mú lọ lọ́wọ́ wa. Iná iwájú nìkan kò sì mú tó 4 nínú 6 yẹn. Nítorí kìlómítà 4 yìí ni tírélà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí wa.

WÁKÀTÍ NI RÉDÍÒ MỌ̀, KÒ MỌ KÌLÓMÍTÀ

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ díẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Táyà ń jẹun bí ọ̀nà bá ti gùn tó. Bí mọ́tò bá dúró, táyà kò jẹ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mọ́tò oníná kì í fi ṣòfò púpọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bí mọ́tò elépo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn lásán. Ṣùgbọ́n iná, rédíò àti ẹ́síì kò mọ̀ bóyá mọ́tò ń rìn tàbí ó dúró. Bí aago bá ti ń lọ ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n dà bí alágbàṣe tí à ń sanwó ojúmọ́ fún: ìbáà ro oko ńlá, ìbáà jókòó sábẹ́ igi, owó ojúmọ́ kan náà ni.

Ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 127.6. Bí ọ̀nà bá dá, tí a sì ń sá 60 ní wákàtí kan, a ó lo bíi wákàtí méjì. Táyà yóò jẹ bí yúnìtì 21. Iná, rédíò, wáípà àti fóònù yóò jẹ ààbọ̀ yúnìtì kan. Ta ni yóò ka ààbọ̀ sí níwájú 21?

Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá dí, tí a ń rá pálá ní kìlómítà 10 ní wákàtí kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú wákàtí kan yẹn táyà kò ní jẹ tó yúnìtì 2. Iná àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣì jẹ ìdá mẹ́rin yúnìtì tiwọn, wọn ò ní dín nǹkan kan. Ìpín tiwọn wá hàn nísinsìnyí: bí yúnìtì 7 bá lọ sí táyà, ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Bóyá ohun tí ọ̀rẹ́ wa rí nìyí. Nínú mọ́tò rẹ̀, ó rí i tí nọ́ńbà ń dín, táyà kò sì yí, ó wá rò pé iná ni olè.

Olè náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wa lójú ni.

Ẹ́síì kò sí lára àwọn tí ń mu omi inú kèrègbè. Ìdí àmù gan-an ni ó lọ. Ẹ̀rọ tí ń mú atẹ́gùn tutù nínú mọ́tò oníná ń gba agbára tààrà láti inú bátìrì ńlá. Nínú ooru líle, ó lè jẹ yúnìtì 1 tàbí 2 ní wákàtí kan, pàápàá nígbà tí inú mọ́tò bá ti gbóná nínú oòrùn kí a tó wọlé. Ká mú un sí 1 àti ààbọ̀. Bí a bá jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún wákàtí mẹ́ta, ẹ́síì ti gba yúnìtì 4 àti ààbọ̀. Ẹ sọ ọ́ di pípọ̀ ní 6: kìlómítà 27 ni. Láàárín wákàtí mẹ́ta kan náà, iná, rédíò, wáípà àti fóònù kò mú tó kìlómítà 5.

Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA dán mọ́tò oníná márùn-ún wò. Wọ́n rí i pé bí ooru bá tó ìwọ̀n 35 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì tan ẹ́síì, ìrìn mọ́tò dín ní 17 nínú 100. Èyí ni pé ẹni tí ì bá rin máìlì 100 yóò rin 83. Ti òtútù ni ó le jù. Nígbà tí òtútù mú tó ìwọ̀n 7 sí ìsàlẹ̀ òdo, tí wọ́n sì tan ẹ̀rọ tí ń mú inú mọ́tò móoru, ìrìn dín ní 41 nínú 100. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí lára. Òtútù tiwọn kì í sábà mú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí i pé ìrìn mọ́tò kì í gùn nígbà òtútù bí ìgbà ooru. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ará ilẹ̀ tútù ń dá. Ìjókòó mọ́tò mìíràn ní wáyà tí ń gbóná nínú rẹ̀. Bátìrì kékeré ni ó ń lò, kò sì jẹ ju bí wáàtì 50 tàbí 75 lọ lórí ìjókòó kan. Dípò kí wọ́n mú gbogbo inú mọ́tò gbóná, wọ́n á mú ìdí àti ẹ̀yìn ara wọn gbóná. Ohun kékeré gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ohun ńlá, mọ́tò sì rìn jìnnà.

Àwa kò nílò ìjókòó gbígbóná. Ṣùgbọ́n a lè ṣe bíi tiwọn. Bí mọ́tò bá ṣì wà lára wáyà nílé, ẹ tan ẹ́síì kí ẹ tó jáde; iná ilé ni yóò tu inú rẹ̀ lára. Ẹ gbé mọ́tò sábẹ́ igi, ẹ má gbé e sínú oòrùn. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bí kò bá sí èéfín tírélà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ pa ẹ́síì, ẹ fi fáànù nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì ṣí wíńdò. Fáànù jẹ́ ọmọ bátìrì kékeré. Bó pẹ́ bó yá, kò lè jẹ tó ẹ́síì. Bí ẹ bá ti dé ọ̀nà tó dá, ẹ ti wíńdò, nítorí pé atẹ́gùn tí ń wọlé ń fa mọ́tò sẹ́yìn.

Atẹ́gùn yìí ni àwọn eléré-sísá gbàgbé. Ọ̀rẹ́ wa pa rédíò ní Ìbàfò, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà ṣí lẹ́yìn Mowé, ó ń sá 110. Bí mọ́tò bá ń sá 110 dípò 90, agbára tí atẹ́gùn fi ń dá a dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Kò sí rédíò tí ó lè jẹ ohun tí ẹsẹ̀ awakọ̀ jẹ níbẹ̀.

TI ALÙPÙPÙ YÀTỌ̀

Gbogbo ohun tí a ti sọ, ti mọ́tò ńlá ni. Ẹni tí ó ń gun alùpùpù oníná kò gbọdọ̀ kà á kí ó sì lọ máa yí rédíò sókè. Láti ọdún 2022 ni alùpùpù oníná ti wọ iṣẹ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní zémi ní Kútọnu, tí àwa ń pè ní ọ̀kadà. Wọ́n ń lò ó ní Lomé pẹ̀lú. Bí bátìrì bá tán, wọ́n á gbé e lọ sí ibi ìpààrọ̀, wọ́n á gba èyí tó kún.

Àmù alùpùpù kéré. Ká ní bátìrì rẹ̀ gba yúnìtì 2, tí yúnìtì kan sì ń gbé e rin kìlómítà 30. Kìlómítà 60 ni gbogbo ìrìn rẹ̀. Iná iwájú rẹ̀ tí ó jẹ́ LED lè máa jẹ wáàtì 20. Bí ọlọ́kadà bá ṣiṣẹ́ alẹ́ fún wákàtí 5, iná náà jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá yúnìtì. Kìlómítà 3 ni. Kò tó nǹkan tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ rìn lókùnkùn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tí ń so ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá mọ́ra, tí orin ń dún, tí iná aláràbarà ń ṣẹ́jú. Bí ẹ̀rọ orin náà bá ń jẹ wáàtì 200, ní wákàtí 5 ó ti jẹ yúnìtì kan. Yúnìtì kan nínú méjì! Ìdajì ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ti bá orin lọ. Ẹ̀rọ orin yìí kan náà, bí a bá gbé e sínú mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ gba yúnìtì 40, kìlómítà 6 ni yóò mú. Lórí alùpùpù, kìlómítà 30 ni ó mú lọ, àti owó èrò tí ì bá gbé ní kìlómítà 30 náà.

NÍGBÀ TÍ KÈRÈGBÈ BÁ GBẸ

Ohun kan ṣì wà tí ó ń ya àwọn oní-mọ́tò oníná lẹ́nu. Ènìyàn lè jí láàárọ̀, kí bátìrì ńlá rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, síbẹ̀ kí mọ́tò kọ̀ láti jí. Kò ní tan iná, ilẹ̀kùn mìíràn kò tilẹ̀ ní ṣí. Kí ló fà á?

Nígbà tí a bá pa mọ́tò oníná, ìlẹ̀kẹ̀ irin kan ń já bátìrì ńlá kúrò lára gbogbo ohun yòókù, kí iná líle náà má bàa pa ẹnikẹ́ni. Bí a bá fẹ́ ṣí mọ́tò, bátìrì kékeré ni ó ń fún ìlẹ̀kẹ̀ náà lágbára kí ó lè padà so pọ̀. Bí kékeré bá ti kú, kò sí ẹni tí yóò ṣí ìdí àmù. Ọmọdé ni ó mú kọ́kọ́rọ́ àgbà lọ́wọ́.

Nítorí náà, ìgbà tí iná mọ́tò oníná léwu fún bátìrì kọ́ ni ìgbà tí mọ́tò ń rìn. Ìgbà tí a ti pa mọ́tò ni. Bátìrì kékeré kò gbà ju bí ààbọ̀ yúnìtì lọ. Bí a bá fi iná iwájú oníwáàtì 110 sílẹ̀ lórí mọ́tò tí a ti pa, nínú bíi wákàtí 5 ó ti gbẹ. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbàlódé ń pa iná wọn fúnra wọn, ṣùgbọ́n ohun tí rewáyà bá so mọ́ ọn lẹ́yìn kì í gbọ́ àṣẹ mọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó gbọ́ rédíò níbi tí ẹ gbé mọ́tò sí, ẹ tan mọ́tò náà pátápátá, kí ńlá lè máa bọ́ kékeré.

Ó sì di dandan kí a sọ èyí fún àwọn rewáyà wa. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ẹ bá rí lábẹ́ bọ̀nẹ́ẹ̀tì mọ́tò oníná, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe àmì iná líle, iná tí ó lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Kò sí gbohùngbohùn tàbí iná aláràbarà kan tí ó ní iṣẹ́ lára wáyà ọsàn. Ti 12 fólítì ni tiwọn, kí wọ́n sì fi fíúùsì tí ó bá a mu sí i.

A padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa. Nígbà tí a kọjá Ògèrè lálẹ́ ọjọ́ náà, a ti ka gbogbo ìṣirò yìí fún un. Ó ti tan iná. Ó ti yí ẹ́síì sílẹ̀, ó ń sá 80, rédíò sì ń sọ ìròyìn. A dé Ìbàdàn, bátìrì ṣì ku díẹ̀. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní ohun kan tí òun ṣì fẹ́ bi wá.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fèrè ńkọ́? Ẹ mọ bí a ti ń fun fèrè l'Ékòó."

A gbé bírò, a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní fèrè ń jẹ wáàtì 60, tí fífun kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá fun fèrè ní ìgbà 1,000 láti Ojota dé Ìbàdàn, gbogbo rẹ̀ kò ju mítà 100 lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ.